Ẹ gbà mí lórí mole, fọ́múlà àti dẹ́ńsítì o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kẹ́mísírì

ỌmọÌgbógbò
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ìgbógbò ni mo wà níbí l'Ìkòròdú, SS2 ni mí. Tísà wa ní lẹ́sìnnì gbé ìbéèrè mẹ́ta fún wa l'ọ́jọ́ Jímọ̀, mo gba òdo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kì í sì í ṣe pé mi ò kàwé o, mo ka nóòtì mi débi pé mo lè pe fọ́múlà yẹn lójú oorun, ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí ìbéèrè báyìí mi ò ní mọ èwo ni kí n kọ́kọ́ mú. A ò ṣe kọrẹ́kíṣọ̀n, wọ́n ní ká lọ wá a fúnra wa. Ìbéèrè náà rèé:

Ìkíní, wọ́n ní ọtí ethanol (C₂H₅OH) 50 cm³, dẹ́ńsítì ẹ̀ 0.79 g/cm³, mólíkù mélòó ló wà níbẹ̀. Ìkejì, nǹkan kan ní irin (Fe) 70% àti ọ́síjìn 30%, kí ni empirical formula ẹ̀ (ìyẹn fọ́múlà tó fi ìpín átọ́ọ̀mù tó kéré jù hàn), Fe = 56, O = 16. Ìkẹta, washing soda tó ní omi nínú, Na₂CO₃·xH₂O, 2.86 g, wọ́n yan án lórí iná títí omi inú ẹ̀ fi gbẹ tán, ó ku 1.06 g, kí ni x.

Ìkíní mo ṣe 50 ÷ 46, mo kọ 1.09 mole mo dúró síbẹ̀. Ìkejì mo kọ FeO₂. Ìkẹta mi ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kàn kọ ìdáhùn fún mi, ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe ń ronú sí i.

Bọ̀dáKẹ́mísírì
Pẹ̀lẹ́ o àbúrò. Ibi tí o ti ṣìnà níbi ìkíní yẹn, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo ń kọ́ níbí ní Ẹbúté máa ń ṣìnà sí. Wo nǹkan tí o ṣe. O mú 50, o fi 46 pín in. Kí ni 50 yẹn? cm³ ni, àyè tí ọtí yẹn gbà nínú ife ni. Kí ni 46? Gíráàmù ni, ohun tí mole kan ethanol wọ̀n ni. Báwo ni gíráàmù ṣe fẹ́ pín cm³ kó wá di mole? Ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé mole, ẹnu ọ̀nà gíráàmù ló máa gbà, àfi tó bá jẹ́ pé gáàsì ló gbé lọ́wọ́, ìyẹn ní ọ̀nà tiẹ̀. Dẹ́ńsítì ló máa gbé ẹ láti cm³ dé gíráàmù, ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ síbẹ̀ nìyẹn.

0.79 g/cm³ túmọ̀ sí pé cm³ kọ̀ọ̀kan wọ̀n tó 0.79 gíráàmù. Àádọ́ta irú ẹ̀ ńkọ́? 50 × 0.79 = 39.5 g. Ó ti di gíráàmù, ẹ jẹ́ ká wá pín in wàyí: 39.5 ÷ 46 = 0.859 mole. Mólíkù ni wọ́n béèrè, mole kan sì ní mólíkù 6.02 × 10²³, nítorí náà 0.859 × 6.02 × 10²³, ó jẹ́ 5.17 × 10²³. Ó parí.

46 yẹn náà, rí i pé o mọ ibi tó ti wá. C méjì jẹ́ 24, O kan jẹ́ 16, H mẹ́fà jẹ́ 6. Mẹ́fà ni H o, márùn-ún tó wà láàárín pẹ̀lú ọ̀kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn O. Àwọn ọmọ máa ń gbàgbé ẹni ẹ̀yìn yẹn, wọ́n á kọ 45, gbogbo ìṣirò tó bá tẹ̀ lé e á sì wọ́.

ỌmọÌgbógbò
Ẹ ṣé gan-an sà, Ọlọ́run á bù kún yín. Ìyẹn yé mi. Àmọ́ ohun tó ń dà mí láàmú jù ni mole yẹn fúnra ẹ̀. Mo há a sórí pé 6.02 × 10²³ ni, kò sì yé mi. Ṣé ìwọ̀n ni àbí iye ni? Tó bá jẹ́ nǹkan kan náà ni mole, kí ló dé tí mole kan omi fi jẹ́ 18 g tí mole kan iyọ̀ wá jẹ́ 58.5 g?

ỌmọAlágbọn
Ẹ jẹ́ kí n gba ìyẹn dáhùn. Àgbádárìgì ni mo wà, àgbọn ni mo ń tà báyìí, kẹ́mísírì ni mo kà ní póòlì kí n tó bẹ̀rẹ̀ òwò, mo sì fẹ́ràn ìbéèrè yẹn gan-an torí èmi náà bi ara mi rí.

Àbúrò, ṣé o mọ ọ̀kẹ́? Nígbà tí wọ́n ń ná owó ẹyọ, kò sẹ́ni tó lè jókòó máa ka gbogbo ẹ̀ ní oókan oókan títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ogójì ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn bẹ́ẹ̀ ló ń di ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ló wá ń di ọ̀kẹ́ kan, 20,000, ẹ̀kún àpò kan. Tí wọ́n bá ní ọ̀kẹ́ kan, iye ni wọ́n sọ yẹn, wọn ò tíì sọ bó ṣe wúwo tó.

Ibi tó dùn jù rèé. Owó ẹyọ oríṣi méjì ló gba etíkun wa wọlé. Èyí tó kéré, erékùṣù Maldives ló ti wá. Èyí tó tóbi jù ú lọ, apá Zanzibar ni wọ́n ti ń kó o bọ̀ láàárín àwọn ọdún 1800 sí 1900. Ọ̀kẹ́ kan ti kékeré, 20,000 ni. Ọ̀kẹ́ kan ti ńlá, 20,000 náà ni. Ṣùgbọ́n rù wọ́n wò, ọrùn ẹ á sọ fún ẹ pé ọ̀tọ̀ ni ẹrù kìíní, ọ̀tọ̀ ni ẹrù kejì. Iye kan náà, ìwọ̀n yàtọ̀, torí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ò wúwo bákan náà.

Mole ni ọ̀kẹ́ ti àwọn oníkẹ́mísírì. Mólíkù omi kékeré ni, iyọ̀ wúwo jù ú lọ, ìdí nìyẹn tí àpò omi fi jẹ́ 18 g tí àpò iyọ̀ fi jẹ́ 58.5 g, bẹ́ẹ̀ iye tó wà nínú àpò méjèèjì ò fi ẹyọ kan ju ara wọn lọ. Àpò yìí kàn tóbi kọjá àlà ni, tí o bá fi ọ̀kẹ́ ka mole kan, ọ̀kẹ́ 3.01 × 10¹⁹ lo máa kà. Láti 2019 wọ́n ti gé iye náà sí 6.02214076 × 10²³ gẹ́lẹ́ káàkiri àgbáyé, tẹ́lẹ̀ iye átọ́ọ̀mù tó wà nínú 12 g káábọ̀n-12 ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Avogadro tí wọ́n fi sọ iye yẹn lórúkọ, ará Ítálì ni, òun fúnra ẹ̀ ò mọ iye náà rí. Ohun tó sọ ní 1811 ni pé gáàsì tí àyè wọn bá dọ́gba, tí ooru àti ìtẹ̀ wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà, iye mólíkù wọn á dọ́gba. Perrin ará Faransé ló fi orúkọ ẹ̀ pè é ní 1909, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí Avogadro ti kú.

ỌmọÌgbógbò
Háà! Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kẹ́ yìí ló là mí lójú. Ṣé bí èèyàn ṣe lè wọn àpò owó ẹyọ dípò kó máa kà á ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní kẹ́mísírì náà? Torí kò sẹ́ni tó lè ka átọ́ọ̀mù, wọ́n á gbé e sórí síkéèlì, wọ́n á wá fi ìwọ̀n àpò kan pín in?

ỌmọAlágbọn
O ti gbé e. Molar mass ni ìwọ̀n àpò kan. Ìwọ̀n gbogbo ẹrù, pín in sí ìwọ̀n àpò kan, o ti mọ iye àpò.

Bọ̀dáKẹ́mísírì
Ẹ̀gbọ́n Alágbọn, ẹ kú iṣẹ́ o, màá fi ọ̀kẹ́ yẹn kọ́ àwọn ọmọ mi ní Mọ́ńdè.

Ìkejì wá kàn. Àbúrò, tí wọ́n bá fún ẹ ní 70% àti 30%, sọ pé 100 g ló wà níwájú ẹ, 70% á di 70 g, 30% á di 30 g. Sọ wọ́n di àpò. Fe: 70 ÷ 56 = 1.25. O: 30 ÷ 16 = 1.875. Fi èyí tó kéré nínú méjèèjì pín wọn. 1.25 ÷ 1.25 = 1. 1.875 ÷ 1.25 = 1.5. Mo mọ̀ pé o débí yìí, torí FeO₂ tí o kọ yẹn fi hàn pé o rí 1.5 o sì sọ ọ́ di 2. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹ ò ju ìyẹn lọ, gbogbo ohun tó ṣáájú ẹ̀ dáa.

1.5 kì í ṣe àṣìṣe kálkúlétọ̀, ọ̀rọ̀ ló ń bá ẹ sọ. Ó ní tí irin bá jẹ́ ẹyọ kan, ọ́síjìn á jẹ́ ẹyọ kan àbọ̀. Àbọ̀ átọ́ọ̀mù ò sí, o ò lè gé e. Nítorí náà sọ méjèèjì di ìlọ́po méjì: irin 2, ọ́síjìn 3. Fe₂O₃. Òun ló wà nínú nǹkan pupa tó máa ń jẹ páànù tó bá dógùn-ún létí ọ̀sà níbí, fọwọ́ pa á wò, àtíkè pupa tó lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́ yẹn.

Tí o bá rí 1.02 tàbí 1.98, ìyẹn lè di 1 tàbí 2, torí ìwọ̀n tí wọ́n wọ̀n lè fì díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí o bá rí 1.5, lọ́po méjì. 1.33 tàbí 1.67, lọ́po mẹ́ta. 1.25, lọ́po mẹ́rin. Má fọwọ́ ara ẹ gé e.

ỌmọOdógunyàn
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n ẹ ń fa ọ̀rọ̀ yìí gùn jù lójú tèmi o. Kó ya triangle sílẹ̀, m (ìwọ̀n ní gíráàmù) lókè, n (iye mole) àti M (molar mass) nísàlẹ̀, kó fọwọ́ bo èyí tó bá ń wá, ohun tó kù ló máa ṣe. Dẹ́ńsítì náà ní triangle tiẹ̀. Òun ni mo lò tí mo fi gba B3 ní WAEC, kò sí ọ̀kẹ́ kò sí owó ẹyọ níbẹ̀.

Bọ̀dáKẹ́mísírì
Mo kí ẹ kú oríire B3 yẹn, mi ò sì bá triangle jà. Àmọ́ wo ọmọ yìí, ó mọ triangle, ó lè pe é lójú oorun, òun fúnra ẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó gbé 50 cm³ sí ibi tí gíráàmù yẹ kó wà. Triangle ò lè pariwo pé "èyí kọ́". Ohun tó lè pariwo ni yúníìtì. Kọ ọ́ tẹ̀ lé nọ́ńbà nígbà gbogbo, cm³ × g/cm³, cm³ kú mọ́ cm³, g ló kù. g ÷ g/mol, g kú mọ́ g, mol ló kù. Tí èyí tó kù ò bá jẹ́ ohun tí wọ́n béèrè, o ti mọ̀ pé o ti ṣì í kí tísà tó mú bírò pupa. Èmi ò mọ nǹkan tó dáa jù ú lọ tí mo lè fún ọmọ tó fẹ́ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

ỌmọOdógunyàn
Ó dáa sà, mo gbà. Mi ò kọ yúníìtì rí, bóyá ìdí nìyẹn tí máàkì mi fi máa ń já.

ỌmọÌgbógbò
Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú ìkẹta fúnra mi. 2.86 g lápapọ̀, ó ku 1.06 g, omi tó lọ jẹ́ 2.86 g − 1.06 g = 1.80 g. Àpò kan Na₂CO₃: 46 (Na méjì) + 12 (C kan) + 48 (O mẹ́ta) = 106 g. 1.06 ÷ 106 = 0.01 mole. Àpò kan omi jẹ́ 18 g, 1.80 ÷ 18 = 0.10 mole. 0.10 ÷ 0.01 = 10. x = 10?

Bọ̀dáKẹ́mísírì
x = 10. Wò ó bó ṣe jáde gẹ́lẹ́. O rí i pé o ò fi 2.86 pín nǹkan kan, o yọ omi kúrò ná. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú èèyàn.

ÌyáỌlọ́ṣẹ_Ẹ̀pẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọbìnrin mi ló fi ọ̀rọ̀ yín hàn mí lórí fóònù, ó ń bá mi tẹ èyí. Ẹ̀pẹ́ ni mo wà, ọṣẹ ni mo ń ṣe, ọṣẹ funfun olóróro àgbọn. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ sọ fún mi pé kílò òróró àgbọn kan, kọ́sítíìkì 183 g. Èmi ò ní síkéèlì ńlá tí mo lè fi wọn òróró, kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, mo kà á sí pé lítà kan, kílò kan, bí omi ṣe rí. Síkéèlì kékeré tí mo ní, kọ́sítíìkì ni mo ń fi wọ̀n. Nítorí náà kẹ́ẹ̀gì kan, 915 g kọ́sítíìkì, bí mo ṣe ń ṣe é látọdún tó kọjá nìyẹn.

Ọṣẹ náà ń dì, ó ń funfun bí ẹfun, ṣùgbọ́n ó ń ta awọ. Oníbàárà mi kan na ọwọ́ sí mi lọ́jà, àárín ìka ẹ̀ ti bó, ó pọ́n, ó ní mà, ọṣẹ yín ni. Mo dá owó ẹ̀ padà, mo sì lọ sílé mi ò lè jẹun. Mo rò pé kọ́sítíìkì tí wọ́n tà fún mi ni ò dáa, mo pààrọ̀ ẹni tí mo ń rà á lọ́wọ́ ẹ̀, kò yí padà. Ìgbà tí ọmọ mi ka ọ̀rọ̀ dẹ́ńsítì yẹn sí mi létí ni nǹkan kọ lu ọkàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lítà òróró kan ò tó kílò kan ni?

ỌmọAlágbọn
Ìyá wa, ẹ kúuṣẹ́ mà, ẹ pẹ̀lẹ́. Kò tó o. Ẹ wo epo lójú ọbẹ̀, òkè omi ló máa ń léfòó sí, torí pé nínú ife kan náà omi wúwo jù ú lọ. Òróró àgbọn, dẹ́ńsítì ẹ̀ jẹ́ bíi 0.92 g/cm³. Lítà márùn-ún jẹ́ 5,000 cm³. 5,000 × 0.92 = 4,600 g. Kílò mẹ́rin àti gíráàmù ẹgbẹ̀ta ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì yín, kì í ṣe kílò márùn-ún.

Kọ́sítíìkì tó yẹ ẹ́: 4.6 × 183 = 842 g. Ẹ̀yin ń fi 915 g sí i. 915 − 842 = 73 g ló ń kù tí kò rí òróró bá ṣe. Kọ́sítíìkì ni NaOH, àpò kan ẹ̀ jẹ́ 40 g, 73 ÷ 40 jẹ́ bíi mole 1.8, gbogbo ìyẹn jókòó sínú ọṣẹ, awọ èèyàn ló wá ń bá ṣe. Ẹni tó ń ta kọ́sítíìkì fún yín ò jẹ̀bi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tiẹ̀ má ṣe é kó pé gẹ́lẹ́. Ẹ yọ márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kúrò kí òróró díẹ̀ lè ṣẹ́ kù fún awọ: 842 × 0.95 = 800 g sí kẹ́ẹ̀gì kan. Èyí tẹ́ ẹ ti ṣe nílẹ̀, ẹ má tà á, ẹ má sì dà á nù. Ẹ rẹ́ ẹ, ẹ yọ́ ọ pẹ̀lú omi díẹ̀, kẹ́ ẹ fi òróró kún un. Fún ọṣẹ kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, òróró 400 g ló máa kàn pa kọ́sítíìkì tó ṣẹ́ kù yẹn, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó ní òróró díẹ̀ lára, ẹ fi tó 660 g sí i, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 720 cm³. Tó bá di ìgbà ọyẹ́ òróró àgbọn máa ń dì, ìwọ̀n ẹ̀ ò ní yí padà àmọ́ àyè tó gbà á yí padà, ìdí nìyẹn tí síkéèlì fi sàn ju kẹ́ẹ̀gì lọ.

Bọ̀dáKẹ́mísírì
Mà, ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Omi ni kó kọ́kọ́ wà nínú ike, kẹ́ ẹ máa da kọ́sítíìkì sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ má ṣe da omi lé kọ́sítíìkì lórí, ó lè hó fọ́n sí yín lójú. Ìkòkò álúmíníọ̀mù náà, ẹ má lò ó, kọ́sítíìkì máa ń jẹ ẹ́, háídírójìn tó sì ń jáde nínú ẹ̀ lè gbaná.

ỌmọÌgbógbò
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mò ń béèrè jù. Mo wo orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kílò epo pupa kan, kọ́sítíìkì 142 g ló ń lò, òróró àgbọn wá ń lò 183 g. Kílò kan ni méjèèjì. Kí ló fà á?

Bọ̀dáKẹ́mísírì
Má tọrọ àforíjì, ìbéèrè tó dáa jù látàárọ̀ nìyẹn. Ìyá wa á bá mi jẹ́rìí, lọ́jà ẹja l'Ẹ̀pẹ́, kílò sáwá kan àti kílò epìyà kan, èwo lorí ẹja pọ̀ jù nínú ẹ̀? Sáwá ni, torí ó kéré. Mólíkù òróró àgbọn kéré, ti epo pupa tóbi. Mólíkù kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì, kọ́sítíìkì mẹ́ta ló ń gbà. Ti àgbọn, ẹ jẹ́ ká mú èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, C₃₉H₇₄O₆, àpò kan jẹ́ 638 g. Ti epo pupa, ká mú C₅₁H₉₈O₆, àpò kan jẹ́ 806 g. Ìwọ ṣe é.

ỌmọÌgbógbò
Àgbọn: 1000 g ÷ 638 g/mol = 1.57 mol, × 3 = 4.70 mol NaOH, × 40 g/mol = 188 g.
Epo pupa: 1000 ÷ 806 = 1.24 mol, × 3 = 3.72, × 40 = 149 g.
Ó sún mọ́ ọn sà! Ṣùgbọ́n 183 àti 142 ni wọ́n kọ, kì í ṣe 188 àti 149.

Bọ̀dáKẹ́mísírì
Torí òróró gidi, àdàlú ni. Nínú méjèèjì, àwọn mólíkù kan wà tó gùn ju èyí tí mo mú lọ, wọ́n ń wúwo, iye á wá dínkù díẹ̀. Àwọn tó kọ 183 àti 142, wọ́n wọn òróró gidi ni.

ÌyáỌlọ́ṣẹ_Ẹ̀pẹ́
Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ọmọ mi. Ọjọ́ mẹ́rin ti kọjá, mo ní kí n wá jábọ̀. Mo ti ra síkéèlì ńlá. Mo gbé jọ́ọ̀gì òfìfo lé e, 112 g. Mo da òróró àgbọn lítà kan sí i, ó di 1,031 g. Mo yọ́ ọṣẹ àtijọ́ bí ọmọ Àgbádárìgì ṣe sọ, mo fi òróró kún un, mo ti fi fọ ọwọ́ ara mi ní àárọ̀ àti alẹ́ fún ọjọ́ méjì, kò ta mí. Mi ò tíì fún ẹnikẹ́ni o, màá jẹ́ kó gbẹ dáadáa ná. Ọmọ Ìgbógbò, kí ni dẹ́ńsítì òróró mi?

ỌmọÌgbógbò
1,031 g − 112 g = 919 g. 919 g ÷ 1,000 cm³ = 0.919 g/cm³, mà.

ÌyáỌlọ́ṣẹ_Ẹ̀pẹ́
O ṣeun ọmọ mi. Ọṣẹ mẹ́ta wà nílẹ̀ fún ẹ, tó bá ti gbẹ màá fi rán awakọ̀ tó ń ná Ìkòròdú.